Bí a ṣe ń ka ẹyẹ òkun àríwá lọ́dọọdún, tí a sì ń fi ibi tí wọ́n wà sórí máàpù

Puffin, ẹyẹ òkun kan tó ń yé ẹyin sínú ihò ilẹ̀, kì í yára bímọ. Ó máa ń tó ọdún márùn-ún kó tó yé ẹyin àkọ́kọ́, ẹyin kan péré ló sì ń yé lọ́dún, ṣùgbọ́n ó lè lò ju ọgbọ̀n ọdún lọ láyé. Ìdí nìyẹn tí ojú fi lè tan èèyàn jẹ nípa rẹ̀. Bí ẹja bá wọ́n lójú òkun lónìí, tí ebi sì pa gbogbo ọmọ rẹ̀ kú sínú ihò, àwọn àgbà yóò ṣì padà wá lọ́dún tó ń bọ̀, wọn yóò tún wá lọ́dún kejì, erékùṣù yóò kún fọ́fọ́, ẹni tó bá sì wò ó láti inú ọkọ̀ ojú omi yóò ní kò sí ohun tó ṣe wọ́n.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Røst, ní àríwá Norway, fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Àpẹjù ti run ẹja herring agbègbè náà kí àwọn ọdún 1960 tó parí, kékeré ẹja yìí sì ni puffin ibẹ̀ fi ń bọ́ ọmọ. Síbẹ̀, ní 1979, àwọn ẹyẹ náà ṣì tó nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ààbọ̀ tọkọtaya. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù, torí kò sí ọmọ tó ń dàgbà láti rọ́pò arúgbó. Ohun tó kù níbẹ̀ báyìí kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta. Àwọn tó ń kà wọ́n lọ́dọọdún ló rí i pé ewu ń bọ̀ kí ojú lásán tó rí i.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Aberdeen tàbí Tromsø, tàbí tẹ́ ẹ̀ ń gbé létí òkun Scotland, tẹ́ ẹ sì fẹ́ yọ̀ǹda ara yín fún irú iṣẹ́ yìí, ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ kẹ́ ẹ tó gbé ìwé àti gègé nìyí.

1. Ẹ wá àwọn tó ti ń kà á tẹ́lẹ̀

Ẹ má dá iṣẹ́ tiyín sílẹ̀. Ní Norway, SEAPOP, ètò tó ń ṣọ́ ẹyẹ òkun, ti wà láti 2005. Àjọ ìwádìí NINA ló ń darí rẹ̀ pẹ̀lú àwọn bíi Norwegian Polar Institute, ibùdó tí wọ́n sì ń ṣọ́ bẹ̀rẹ̀ láti Runde àti Sklinna dé Hornøya lẹ́bàá Vardø, títí dé Bjørnøya àti Spitsbergen. Ní Britain, Seabird Monitoring Programme ti ń lọ láti 1986. Àwọn tó bá fẹ́ yọ̀ǹda ara wọn, BTO (British Trust for Ornithology), àjọ tó ń ṣèwádìí nípa ẹyẹ, ni kí wọ́n kàn sí.

Oríṣi ìkà ẹyẹ méjì ló wà níbẹ̀, ẹ má sì pa wọ́n pọ̀. Ọ̀kan ni kíka gbogbo ẹyẹ tó wà ní etíkun orílẹ̀-èdè, iṣẹ́ ńlá tó ń náni lówó gọbọi. Britain àti Ireland ti ṣe é nígbà mẹ́rin: 1969 sí 1970, 1985 sí 1988, 1998 sí 2002, àti 2015 sí 2021. Èkejì ni kíka ibi kéékèèké kan náà lọ́dọọdún. Ti àkọ́kọ́ ń sọ iye tí wọ́n jẹ́ lápapọ̀, ti ìkejì ń sọ ọdún tí nǹkan yí padà gan-an. Ti ìkejì yìí ni ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ sábà máa ń bá pàdé.

Ìlànà tẹ́ ẹ bá bá níbẹ̀, ẹ tẹ̀ lé e bó ṣe wà, kódà bẹ́ ẹ bá rò pé ẹ mọ èyí tó dára jù ú lọ. Ọgbọ́n tuntun tẹ́ ẹ bá dá ní ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún lè sọ iṣẹ́ ọdún mẹ́rìnlá di òfo, torí kò sẹ́ni tó máa mọ̀ bóyá ẹyẹ ló pọ̀ sí i àbí ọ̀nà ìkà ló yí padà. Bó bá pọn dandan kí ìlànà yí padà, ẹ fi ti àtijọ́ àti tuntun kà á pọ̀ fún ọdún mélòó kan.

Ẹ gba àṣẹ pẹ̀lú. Kì í ṣe gbogbo erékùṣù ni èèyàn lè dédé gúnlẹ̀ sí, ẹni tí kò bá sì ní ìwé àṣẹ kò gbọ́dọ̀ mú ẹyẹ fi òrùka sí i lẹ́sẹ̀. Kẹ́ ẹ tó wọ ọkọ̀, ẹ tú gbogbo ẹrù wò bóyá eku wà nínú rẹ̀. Eku méjì tó bá gúnlẹ̀ sí erékùṣù tí ẹyẹ ti ń yé ẹyin sínú ihò lè fọ ibẹ̀ mọ́ láàárín ọdún díẹ̀.

2. Ẹ yan ibi tẹ́ ẹ máa kà

Ibí yìí ni iṣẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń wọ́ láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀. Bí èèyàn bá dé orí àpáta tí ẹyẹ pọ̀ sí, ibi tí wọ́n ti pọ̀ jù tójú sì ti ríran dáadáa ló máa ń wù ú láti kà. Ṣùgbọ́n bí ẹyẹ bá ń dín kù, etí ibùdó ló máa ń kọ́kọ́ ṣófo. Àárín, tó jẹ́ ibi tó dára jù, máa ń kún títí, torí àwọn tó wà létí máa ń sún wọlé gba àyè àwọn tó kú. Ẹ lè máa ka àárín fún ogún ọdún, kẹ́ ẹ máa kọ ọ́ pé kò séwu, nígbà tí ìdajì ibùdó náà ti lọ.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ fi ọkọ̀ ojú omi yí gbogbo àpáta náà ká, kẹ́ ẹ ya fọ́tò rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ pín in sí abala abala, kí iye ẹyẹ inú ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ohun tí ojú lè kà láìdàrú, bí 100 sí 300. Ẹ yọ àwọn tí kò síbi tí èèyàn lè dúró sí wò wọ́n láìséwu, kẹ́ ẹ wá ṣẹ́ kèké lórí àwọn tó kù. Ẹ má fọwọ́ yín yàn án.

Ibi ìdúró yín gbọ́dọ̀ bá pèpéle àpáta tí ẹyẹ wà dọ́gba tàbí kó ga jù ú lọ díẹ̀. Ẹni tó bá ń wò láti ìsàlẹ̀ kò ní rí àwọn tó wà lẹ́yìn. Ẹ kan irin mọ́lẹ̀ níbi tí ẹsẹ̀ yín wà, ẹ kọ nọ́ńbà GPS rẹ̀ sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì ya fọ́tò láti ibẹ̀. Orí fọ́tò náà ni kẹ́ ẹ fa ààlà sí. Ojú ibi tí àpáta ti sán ni kí ààlà gbà. Ẹ má fi ipa ìgbẹ́ ẹyẹ tàbí koríko ṣe àmì, torí òjò kan ló máa wẹ̀ wọ́n lọ.

3. Ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ̀ ń kà

Ẹ̀yà ẹyẹ kọ̀ọ̀kan ló ní ohun tí à ń kà lára rẹ̀. Ti kittiwake, ìtẹ́ la máa ń kà: ìtẹ́ tó ti parí, tó lè gba ẹyin dúró, tí ó kéré tán àgbà ẹyẹ kan wà nídìí rẹ̀. Ìdì koríko tí wọ́n kàn dà sílẹ̀ kò sí lára rẹ̀. Ti gannet, àyè tí ẹyẹ ti gbà ni. Guillemot ní tirẹ̀ kì í kọ́ ìtẹ́ rárá, orí àpáta lásán ló ń yé ẹyin sí, torí náà ẹyẹ fúnra rẹ̀ la máa ń kà, gbogbo àgbà tó bá dúró sórí pèpéle. Àwọn tó wà lójú omi tàbí tó ń fò kọjá kò sí nínú ìṣirò. Àwọn kan máa ń fi 0.67 sọ iye guillemot di púpọ̀ láti mọ iye tọkọtaya. Kò burú, ṣùgbọ́n iye tójú yín rí gan-an ni kẹ́ ẹ kọ sínú ìwé, kí ìṣirò yẹn wá lẹ́yìn.

Kíka guillemot gba sùúrù. Wọ́n máa ń fún ara wọn mọ́ orí pèpéle bí èrò inú mólùè, ọ̀pọ̀ wọn kọjú sí ògiri àpáta, ẹ̀yìn wọn aláwọ̀ ilẹ̀ nìkan lẹ ó máa rí. Ẹ fi awò awọ̀nàjíjìn olójú méjì wo gbogbo abala náà lẹ́ẹ̀kan, láti mọ ibi tí pèpéle kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Lẹ́yìn náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òkè lápá òsì, kẹ́ ẹ máa tọ pèpéle kan lọ sápá ọ̀tún, kẹ́ ẹ máa fi ẹ̀rọ ìkàye kékeré tí à ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ ka ẹyẹ kọ̀ọ̀kan. Ojú ò gbọ́dọ̀ kúrò lára ẹyẹ láti wo ẹ̀rọ náà. Bí ọ̀kan bá fò lọ lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti kà á, ó ti wọlé nìyẹn. Bí òmíràn bá bà síbi tẹ́ ẹ ti kọjá, ẹ fi í sílẹ̀. Àwọn kan wà tí funfun yí ojú wọn ká bíi gíláàsì, tí ìlà funfun sì gbà lẹ́yìn ojú náà. Guillemot náà ni wọ́n, ẹ kà wọ́n mọ́ ọn.

Ẹ ka abala kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì. Bí iye méjèèjì bá jìnnà síra, ẹ tún un kà. Ẹ má sọ 187 di 190 torí pé ó rọrùn láti rántí.

4. Ẹ mọ ọjọ́ àti aago

Ní Britain, láàárín ọjọ́ kìíní sí ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Kẹfà ni wọ́n máa ń ka guillemot, láti aago mẹ́jọ àárọ̀ sí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ní ọjọ́ márùn-ún ó kéré tán. Ọjọ́ mẹ́wàá ló dáa jù. Àkókò yẹn ni ọ̀pọ̀ wọn ń sàba, ọ̀kan nínú tọkọtaya máa ń dúró nílé nígbà tí èkejì lọ pẹja, iye orí àpáta kì í sì í yí padà púpọ̀. Tí oṣù Kẹfà bá ń parí lọ, àwọn ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í fò já sínú òkun, àwọn bàbá wọn á bá wọn lọ, iye á dàrú. Lókè lọ́hùn-ún ní àríwá, wọn kì í yé ẹyin ní ọjọ́ kan náà, torí náà ẹ tẹ̀ lé ọjọ́ tí ibùdó yín ń lò. Ẹ má kà nínú kùrukùru, òjò ńlá tàbí ìjì.

Ẹ rìn jẹ́jẹ́. Bí ẹnì kan bá yọ lójijì létí àpáta, guillemot tó gbé ẹyin lé ẹsẹ̀ á gbéra fìrì, ẹyin á yí gbirigbiri bọ́ sódò, àwọn ẹyẹ gull tó ti ń dúró dè é á sì palẹ̀ ìyókù mọ́. Fún ìkàyè kan, ìyẹn ti pọ̀ jù.

5. Ti inú ihò àti ti òru

Ẹ má ka puffin tó bá dúró lórí koríko. Lówùúrọ̀ wọ́n lè jẹ́ ẹgbẹ̀rún, kó tó dọ̀sán kí ó má ku ẹyọ kan. Ihò wọn la máa ń kà. Ẹ na okùn gba inú ibùdó kọjá, kẹ́ ẹ máa yẹ ihò tó wà láyìíká àmì kọ̀ọ̀kan lórí okùn náà wò: ṣé erùpẹ̀ tútù wà lẹ́nu rẹ̀, ìgbẹ́ ẹyẹ ńkọ́, ẹja tó já bọ́ ńkọ́? Ihò ehoro jọ ọ́ púpọ̀, ẹ ṣọ́ra. Níbi tí ilẹ̀ bá ti rọ̀, ẹ má tẹ̀ ẹ́ rárá, torí ihò á wó lé ẹyẹ lórí.

Storm petrel àti Manx shearwater, àwọn ẹyẹ òkun tí àwọn náà ń yé ẹyin sínú ihò, kì í wá sílé lọ́sàn-án. Ẹni tó bá fẹ́ kà wọ́n máa ń gbé ohùn wọn tí a ti gbà sílẹ̀ sẹ́nu ihò, a sì tẹ́tí sí ẹni tó máa dáhùn. Gbogbo wọn kọ́ ló ń dáhùn, torí náà a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ àwọn ihò kan tá a mọ̀ pé ẹyẹ wà nínú wọn wò léraléra, ká mọ mélòó nínú mẹ́wàá ló ń fèsì, ká tó fi ṣírò ìyókù.

6. Ẹ ka ọmọ, kẹ́ ẹ sì mọ iye àgbà tó padà wá

Iye ẹyẹ orí àpáta nìkan kò tó, ọ̀rọ̀ Røst ti fi èyí hàn. Ẹ lo fọ́tò abala yín: ẹ fún ìtẹ́ kittiwake kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà lórí rẹ̀, kẹ́ ẹ máa padà wò ó títí tí ọmọ á fi fò. Iye ọmọ tó fò, tí a pín sí iye ìtẹ́, lohun tó máa kọ́kọ́ sọ fún yín pé ẹja ti wọ́n.

Ti àgbà, òrùka aláwọ̀ ni wọ́n máa ń fi sí wọn lẹ́sẹ̀, a sì ń fi awò ka òrùka náà lọ́dọọdún láti mọ ẹni tó padà dé. Ní erékùṣù Skomer ní Wales, wọ́n ti ń ṣe èyí fún guillemot láti ọdún 1972. Àwọn tí kò padà nínú ẹgbẹ́ tó ń gbé ẹ̀mí gígùn báyìí ló yẹ kó já wa láyà ju ìtẹ́ tó ṣófo lọ.

7. Lójú òkun

Nílé lẹyẹ òkun ti ń yé ẹyin, ṣùgbọ́n òkun ló ti ń lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé rẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní European Seabirds at Sea, ESAS, ni ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tó yí North Sea ká ń lò. Ẹ dúró sókè ọkọ̀, ní apá kan ṣoṣo, apá tí oòrùn kò ti ń ta yín lójú. Ẹ ka gbogbo ẹyẹ tó bá wà lójú omi láàárín 300 mítà sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, kẹ́ ẹ kọ abala tó wà: 0 sí 50 mítà, 50 sí 100, 100 sí 200, 200 sí 300. Ẹ máa ṣe é ní méjì-méjì: ẹnì kan máa wò, ẹnì kan máa kọ. Ẹ sì máa gba ipò lọ́wọ́ ara yín, torí ojú máa ń rẹ̀.

Báwo lẹ ṣe máa mọ 300 mítà lójú òkun tí kò ní igi tí kò ní ilé? Ẹ ṣírò rẹ̀ láti gíga ojú yín sí omi, kẹ́ ẹ fín àmì àwọn ààlà náà sára pẹ́ńsùlù. Ẹ na apá tán, kẹ́ ẹ fi orí pẹ́ńsùlù kan ìlà tí ojú ọ̀run ti pàdé òkun. Àmì kọ̀ọ̀kan á wá bọ́ sórí omi níbi tí ààlà rẹ̀ wà. Gíga ènìyàn yàtọ̀, gíga ọkọ̀ yàtọ̀, torí náà pẹ́ńsùlù ẹlòmíràn kò lè bá yín mu.

Ti ẹyẹ tó ń fò yàtọ̀. Ó yára ju ọkọ̀ lọ, bẹ́ ẹ bá ń ka gbogbo èyí tó kọjá, ẹ ó kà á pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ọkọ̀ tó ń sá 10 knots máa ń rin nǹkan bí 300 mítà ní ìṣẹ́jú kan. Nítorí náà, ẹ máa wò lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan: àwọn tó bá wà nínú àyè 300 mítà sí 300 mítà tó wà níwájú yín ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn nìkan lẹ máa kà.

Fulmar àti gull máa ń tẹ̀ lé ọkọ̀ nítorí ẹja tí wọ́n ń dà nù. Ẹ kọ wọ́n sọ́tọ̀, wọn ò sí nínú ìṣirò. Ẹyẹ tẹ́ ò bá dá mọ̀ bóyá guillemot ni tàbí razorbill, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, pé ọ̀kan nínú méjèèjì ni. Mo fọkàn tán ìwé tí irú ẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀ ju èyí tí gbogbo ẹyẹ ti lórúkọ lọ. Tí ìgbì bá sì ti ń ya funfun káàkiri, ẹ dáwọ́ dúró.

8. Yíya máàpù

Ipa tí ọkọ̀ gbà ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wà lórí máàpù, kẹ́ ẹ tó fi ẹyẹ kankan síbẹ̀. Ibi tẹ́ ẹ dé tẹ́ ò rí ẹyẹ, òdo ni ẹ ó kọ. Ibi tẹ́ ò dé, ẹ fi í sílẹ̀ lófìfo. Mo ti rí máàpù tó kùn méjèèjì ní àwọ̀ kan náà, irú rẹ̀ sì lè mú kí wọ́n gbé ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tó ń pèsè iná mànàmáná lọ sí àárín oúnjẹ ẹyẹ.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Bí ọkọ̀ bá rin kìlómítà 10, tẹ́ ẹ sì wo 0.3 kìlómítà ní ẹ̀gbẹ́, kìlómítà 3 níbùú lóòró lẹ wò. Bẹ́ ẹ bá rí ẹyẹ 12, ó jẹ́ 4 ní kìlómítà kọ̀ọ̀kan níbùú lóòró. Ṣùgbọ́n bí ẹyẹ abala 50 mítà àkọ́kọ́ bá pọ̀ gan-an ju ti abala ìkẹyìn lọ, bẹ́ ẹ tilẹ̀ ti ro ti fífẹ̀ wọn, ẹyẹ kò sá kúrò níbẹ̀. Ojú yín ni kò rí wọn. Ohun èlò Distance àti dsm tí Yunifásítì St Andrews ṣe fún R, ètò ìṣirò orí kọ̀ǹpútà, máa ń tún èyí ṣe, ọ̀fẹ́ sì ni. QGIS, ètò kọ̀ǹpútà tí òun náà jẹ́ ọ̀fẹ́, ló máa bá yín ya máàpù fúnra rẹ̀. Ẹ ya ti ìgbà ìsàba sọ́tọ̀, ẹ ya ti ìgbà òtútù sọ́tọ̀.

Lórí máàpù ibùdó, ẹ má gbàgbé inú ìlú. Kittiwake ti kó wọ ojú fèrèsé ilé ní Tromsø débi pé wọ́n kọ́ ilé onípèpéle fún wọn. Ní Newcastle, orí afárá Tyne ni wọ́n wà.

Fún ibi tí wọ́n ń lọ nígbà òtútù, ètò SEATRACK, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2014, máa ń so ẹ̀rọ kékeré tó ń gba ìmọ́lẹ̀ sílẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ wọn. Àsìkò tí ilẹ̀ mọ́ àti tí ilẹ̀ ṣú ló ń sọ ibi tí ẹyẹ wà, ó sì lè fi ọgọ́rùn-ún kìlómítà àti jù bẹ́ẹ̀ ṣìnà. Ó tó fún mímọ òkun tí wọ́n wà, kò tó fún mímọ adúgbò. Òrùka lásán náà ṣì ń ṣiṣẹ́: roseate tern tó ń yé ẹyin ní Ireland máa ń lo ìgbà òtútù ní etíkun Ghana. Ẹni tó bá rí ẹyẹ òkun tó ní òrùka irin lẹ́sẹ̀ níhà tiwa, kó kọ gbogbo nọ́ńbà àti lẹ́tà ara rẹ̀, ọjọ́ àti ibi tó ti rí i, kó sì fi í ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì tó wà lára òrùka náà.

9. Àìsàn bird flu

Láti 2022, èyí ti di ara iṣẹ́. Ní Bass Rock ní Scotland, àyè gannet tí wọ́n kà ní 2014 jẹ́ 75,259. Nígbà tí wọ́n tún kà á ní 2023, lẹ́yìn àìsàn náà, ó jẹ́ 51,844. Ká ní kò sí iye ti 2014 ni, èrò lásán là bá máa sọ. Ẹ má fọwọ́ kan òkú ẹyẹ. Ẹ kà wọ́n láti òkèèrè, ẹ fi apakòkòrò fọ bàtà yín kẹ́ ẹ tó kúrò ní erékùṣù kan lọ sí òmíràn. Tí wọ́n bá sì ní kẹ́ ẹ má gúnlẹ̀ lọ́dún yẹn, ẹ kà á láti inú ọkọ̀ tàbí kí ẹni tó láṣẹ fi dúróònù ya fọ́tò, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ gàdàgbà pé ọ̀nà mìíràn lẹ gbà.

10. Àkọsílẹ̀ àti àrólé

Lójú ewé kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ orúkọ ẹni tó kà á, ọjọ́, aago tó bẹ̀rẹ̀ àti aago tó parí, afẹ́fẹ́, bí ojú ṣe ríran tó, àti nọ́ńbà abala. Ẹ fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́, torí báírò kì í kọ lórí ìwé tó tutù. Ẹ ya fọ́tò ojú ewé náà kẹ́ ẹ tó sùn. Iye ojú òkun máa ń lọ sí ibi ìpamọ́ ESAS lọ́dọ̀ ICES, àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí òkun, ní Copenhagen, ti orí àpáta sì ń lọ sọ́dọ̀ ètò orílẹ̀-èdè tẹ́ ẹ wà.

Ẹni méjì kì í ríran bákan náà. Tó bá ku ọdún kan kẹ́ ẹ fiṣẹ́ sílẹ̀, ẹ mú ẹni tó máa rọ́pò yín lọ síbẹ̀, kẹ́ ẹ jọ dúró lójú kan náà, kí kálukú ka abala kọ̀ọ̀kan láìsọ iye tirẹ̀ fún ẹnìkejì títí tẹ́ ẹ fi máa parí. Ìyàtọ̀ tó bá wà láàárín yín, ẹ kọ òun náà sínú ìwé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye ọdún yẹn.